Ihò tí Mo Gé Nínú Tákàbá

Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọ̀ǹpútà mi ló ní ihò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́kọ́ wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ mi a wò ó, a tún un wò, a wá bi mí pé, "Mọ́mì, kí ló ṣe é?" Màá ní eku ló jẹ ẹ́. Eku wo ló ń jẹ irin? Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá mú fláàṣì wá ni mo máa jókòó ro ẹjọ́ ilé mi fún. Ihò tó wà lápá ọ̀tún rí wúruwùru bí ẹnu ajá arúgbó. Èyí tó wà lápá òsì rí róbótó, etí rẹ̀ dán, fáànù kékeré kan sì ń yí nínú rẹ̀. Èmi ni mo gé méjèèjì. Inú tákàbá ọkọ mi ni mo wà nígbà tí mo gé wọn.

Káfíńtà ni ọkọ mi, àmọ́ kò kan àga fún ẹnikẹ́ni, kò kan bẹ́ẹ̀dì àyàfi tiwa. Àpótí sípíkà ló ń kàn. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé etí omi lọ́hùn-ún ní Ibiade, bí mọ́sáláṣí kan bá fẹ́ kí ohùn ládàánì wọn dé òpin àdúgbò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Abẹ́ páànù tó ta sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Àgọ́-Ìwòyè ló ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Yàrá iwájú lèmi ti ń ṣe tèmi. Òun ló ra kọ̀ǹpútà náà fún mi, tòkunbọ̀ ni, nígbà tí ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo lọ sílé ọkọ ní Ibiade tí ilé wá dákẹ́. Ó ní kí n má baà máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mò ń tẹ̀ lórí rẹ̀, a sì ń jẹun níbẹ̀.

Ibà la pè é nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àpótí méjì ló ń kàn lọ́wọ́ fún mọ́sáláṣí kan ní Ibiade. Ó ti gé ojú ọ̀kan, ìyẹn ihò róbótó tí sípíkà máa ń jókòó sí. Èkejì ṣì dí pa. Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ní ara ń ro òun, òun á gé ìyókù tí ilẹ̀ bá mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọsibítù la gbé e lọ. Kò padà wálé mọ́. Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Ilaporu. Òun ló kọ́ ọkọ mi níṣẹ́ káfíńtà, kó tó di pé òun fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tó gbájú mọ́ oko kòkó. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá sì ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ó kó gbogbo irinṣẹ́ àbúrò rẹ̀ sínú àpótí pákó kan, ó fi okùn ọ̀rá dì í yíká, ó ta á ní kókó tó le.

"Ìyàwó," ó pè mí, "ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú àpótí yìí títí a ó fi pín ogún. Ẹnikẹ́ni."

Mo ní mo gbọ́.

Ó tún ní, "Bí o bá ti jáde nínú tákàbá, Ilaporu lo máa wá gbé pẹ̀lú wa. Kí lo fẹ́ máa jẹ níbí?"

"Iṣẹ́ mi ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá?"

Ó wo kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì bí ẹni ń wo adìyẹ tó ń ṣòjòjò. Ó ní, "Bí mo bá padà dé tí iṣẹ́ yẹn ṣì ń lọ, dúró. Bí kò bá lọ mọ́, kó ẹrù rẹ."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Mi ò bá Ilaporu jà o. Ìlú tó dáa ni, ilé ọkọ mi sì ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí opó tó ń gbé ilé ẹbí láìníṣẹ́ lọ́wọ́. Òun ni wọ́n ń rán kó lọ bó ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, òun ni wọ́n ń bi pé níbo lo ti ń bọ̀, bó bá sì jẹun tán, wọ́n á máa wo ẹnu rẹ̀ bóyá á dúpẹ́. Mo mọ ara mi. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, màá ti fi ẹnu mi fa ìjà. Àfi kí kọ̀ǹpútà yẹn máa ṣiṣẹ́ títí màá fi jáde.

Ẹni tó bá mọ tákàbá mọ̀ pé oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni obìnrin Mùsùlùmí tí ọkọ rẹ̀ kú fi ń jókòó sílé. Kò ní lọ sọ́jà, kò ní lọ síbi ayẹyẹ, kò ní ṣe ọ̀ṣọ́. Ìyẹn ò le. Èyí tó le ni àbúrò ìyá ọkọ mi, ìyá arúgbó kan láti Awa, tí ẹbí ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ìyá Àgbà là ń pè é. Tákàbá ti Ìyá Àgbà ní òfin tí ààfáà kankan ò kà fún mi rí. Ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí ò gbọdọ̀ wọlé. Ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí ò gbọdọ̀ rí ojú mi. Ohunkóhun tí òkú fi owó ara rẹ̀ rà ò gbọdọ̀ ré kọjá ẹnu ọ̀nà títí wọn ó fi pín ogún. Mo ní èmi ni ọkọ mi ra kọ̀ǹpútà fún. Ó ní ṣé mo ní ẹlẹ́rìí. Mo ní ẹlẹ́rìí mi ló kú. Ó ní ó dáa, ẹ jẹ́ kó dúró síbi tó wà nígbà náà.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń na fláàṣì sí mi láàárín irin ojú fèrèsé, tí àwọn ọkùnrin inú wọn ń rán obìnrin wá, tí mo ń na ìwé sí wọn padà. À ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi mú. Nígbà tí oòrùn bá ti ga, kọ̀ǹpútà á kàn kú lójijì, gbogbo ohun tí mo ti tẹ̀ tí mi ò tíì tọ́jú á bá a lọ. Mo fọwọ́ kan ara rẹ̀, ó gbóná bí ìkòkò ẹ̀wà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mo ní ò lè gbé òun àti fáànù ilé pọ̀. Mi ò sì lè ṣí i sílẹ̀ gbayawu bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ọkọ mi ti ṣí i rí nígbà ayé rẹ̀, ọmọ́ńlé kan wọ inú rẹ̀, ó kú sórí wáyà, nǹkan jó nínú rẹ̀, ọjọ́ tó lò lọ́dọ̀ ẹni tó tún un ṣe ò kéré.

Ẹni náà ni mo tún pè. Akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà, ará apá Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán ní yunifásítì, ó sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún gbogbo wa. Ó dé pẹ̀lú fáànù kékeré kan lọ́wọ́, èyí tó máa ń jẹ iná nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ìyá Àgbà gbọ́ ohùn ọkùnrin, ó yọ sí i. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló ń sọ, ọmọ yẹn ò sì gbọ́ ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń jù yé e. Kó dúró sábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀, kó kọjú sí títì, kó kẹ̀yìn sí fèrèsé wa, kó wá máa sọ ohun tó bá fẹ́ sọ.

Ó kẹ̀yìn sí wa lóòótọ́. Ọmọ gidi ni.

"Mọ́mì, afẹ́fẹ́ ni kò ráyè wọ inú rẹ̀," ó ń bá títì sọ̀rọ̀. "Ẹ máa gé ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, kí ẹ wá de fáànù yìí mọ́ ojú ihò náà."

"Èmi ni màá gé irin?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n wọlé, Mà, ẹ ò sì jẹ́ kó jáde."

Mo wo Ìyá Àgbà. Ó ń wo òkè àjà. Mo ní, "Kí ni wọ́n fi ń gé e?"

Ó ní èyí tó dára jù ni dírílì tí wọ́n fi ayùn róbótó sí lẹ́nu, òun ló máa ń bu ihò lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá sí ìyẹn, kí n wá ayùn oníná tí eyín rẹ̀ tinrin. Ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin náà lè gé e, ṣùgbọ́n gbọọrọ nìyẹn ń gé, ó sì ń tu iná. Sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé páànù wà pẹ̀lú, àmọ́ ó lè ká a létí.

Mo ní, "Èwo lo ti lò rí nínú wọn?"

Ó ní fídíò lòun ti wò ó.

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, ó sì yà mí lẹ́nu bí ó ṣe dùn mí láyà. Púpọ̀ nínú ohun tí ọmọ yẹn kà sílẹ̀ ló wà nínú àpótí tí wọ́n fi okùn ọ̀rá dì lẹ́yìnkùlé mi. Kí n tó la ẹnu, Ìyá Àgbà ti ń mi orí.

"Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọn ńkọ́?" mo bi í.

"Ìṣó náà á ṣe é, Mà. Ẹ fa àmì róbótó, kí ẹ fi ìṣó dá ihò kéékèèké yí àmì náà ká, kí wọ́n sún mọ́ra. Ẹ wá fi súkúdíráfà já àárín wọn."

"Ẹ̀gbẹ́ wo?"

Kò yíjú padà. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀. "Apá ibí yìí, Mà."

Mo ti gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì níwájú fèrèsé, mo kọ ojú rẹ̀ síta, nítorí àlejò ló ń bọ̀, èmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú yàrá. Mo wo ọwọ́ tó nà, mo wo kọ̀ǹpútà, mo fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ tó bá ọwọ́ náà mu. Mo ní ó ti yé mi.

Mo tú ẹ̀gbẹ́ náà, mo tẹ́ ẹ sórí pákó àtijọ́ kan, mo fi ọmọrí agolo mílíìkì fa àmì róbótó. Òòlù wà nínú àpótí, nítorí náà ọmọ ọlọ ni mo fi ń lu ìṣó. Iṣẹ́ burúkú ni. Ìṣó á yẹ̀, ọmọ ọlọ á bà mí níka, màá ṣépè, Ìyá Àgbà á ní "àsítágífúrúláì" nínú yàrá. Nígbà tí mo fi súkúdíráfà já a tán, etí irin náà gé mi ní àtẹ́lẹwọ́. Páànù náà ti wọ́, ó ti ká, àmọ́ ihò wà lára rẹ̀. Mo gbé e dúró, mo ń wò ó, inú mi dùn bí ẹni bímọ.

Ọmọ yẹn padà wá lọ́jọ́ kejì láti júwe bí mo ṣe máa de fáànù. Ó tún kẹ̀yìn sí wa.

"Mọ́mì, bí ẹ bá yọjú wo inú ihò yẹn, ẹ rí bọ́ọ̀dù, àbí? Ibi tí wáyà pọ̀ sí."

"Irin ni mo rí."

"Irin báwo?"

"Irin pẹlẹbẹ. Bí ìdí abọ́."

Ó yíjú padà, kò mọ ìgbà tó yí i. Ìyá Àgbà já ìborùn rẹ̀ kúrò, ó jù ú bò mí lórí. Abẹ́ ìborùn yẹn ni mo wà tí mo ti gbọ́ tó ní, "Mọ́mì, ẹ̀gbẹ́ kejì ni mo sọ o."

Bí a ṣe rò ó, tí a tún un rò, ẹ̀yìn tó kọ sí wa ló fà á. Ká ní ó kọjú sí fèrèsé ni, tó rí ojú kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ yẹn gan-an ni ì bá nà sí ẹ̀gbẹ́ tó yẹ. Ṣùgbọ́n títì ló kọjú sí, èmi wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ọwọ́ kan náà wá di ọwọ́ òdì. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwa fi ẹ̀yìn sọ tiwa. Mo ní ṣé a ò lè fi ẹ̀gbẹ́ tí mo ti gé rọ́pò èkejì ni. Ó ní ìkọ́ wọn ò bára mu.

Ìyá Àgbà wo ihò náà pẹ́, ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Mo ní bí kì í bá ṣe òfin tirẹ̀, ilé ọba ì bá má jó rárá. Bí mo ṣe sọ ọ́ lójú rẹ̀ nìyẹn. Kò jẹ oúnjẹ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi náà ò sì bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ kan ló wá kù. Bí mo bá tún ba ìyẹn jẹ́, kò sí ẹ̀kẹta. Ọwọ́ mi ti wú, mo sì mọ̀ pé ìṣó ò ní ṣe é. Mo gbé fóònù, mo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Ilaporu. Mo kí i dáadáa, mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n mú irinṣẹ́ kan péré, bí mo bá lò ó tán màá dá a padà sí àyè rẹ̀.

"Rárá," ó ní.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹyọ kan."

"Mo ní rárá, ìyàwó. Má tú okùn yẹn."

Ó pa fóònù. Mo ní ó ti yé mi. Ó fẹ́ kí wọ́n pé pérépéré kó lè rí wọn tà, ó sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kú kí n lè wá máa bó ẹ̀gẹ́ ní ilé wọn. Òkò kan ló fẹ́ fi pa ẹyẹ méjì. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mi ò ní purọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ. Ọmọbìnrin kan tí mo ti ń bá tẹ̀wé láti ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ wá sójú fèrèsé, ó kúnlẹ̀ níta, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, olùkọ́ mi ló ń kán mi lójú. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba fláàṣì mi." Mo nà án sí i. Ó dúpẹ́ títí. Ọpẹ́ yẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tí Ìyá Àgbà dìde láti kí ìrun àsárì, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo tú okùn náà.

Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, pákó àti gọ́ọ̀mù àti òróró ẹ̀rọ. Mo dúró kí ojú mi lè gbẹ. À ń sunkún, a sì ń ríran. Mo wá ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayùn oníná wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n eyín tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti pákó ni, iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ mi ò sì lè gbé e. Ayùn róbótó tó fi ń gé ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, ó kéré jù. Mo gbìyànjú sísọ́ọ̀sì páànù sí etí ẹ̀gbẹ́ tí mo ti bà jẹ́, ó ká a gẹ́gẹ́ bí ọmọ yẹn ṣe wí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí èyí tí mo ń wá, tí mi ò mọ̀ pé mo ń wá a. Ọkọ mi ń pè é ní kọ́ńpáàsì.

Kò sí ní ọjà. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ ṣe é nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́: ọ̀pá irin pẹlẹbẹ kan, orí kan ní ṣóńṣó tó máa ń dúró ní àárín, abẹ kékeré tí wọ́n pọ́n láti ara ayùn irin wà lórí kejì. Abẹ náà ṣeé sún síwá sẹ́yìn. Nọ́ọ̀tù kan ló máa ń há a mọ́ ibi tí èèyàn bá fẹ́. Wàá gún ṣóńṣó mọ́lẹ̀, wàá máa yí abẹ po, yóò máa họ ọ́n díẹ̀díẹ̀ títí ihò á fi já. Àìmọye ìgbà ni mo ti jókòó lórí àpótí lẹ́yìnkùlé yẹn tí mo ń wò ó bó ṣe ń yí i.

Mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó tóbi jù. Ó fẹ̀ tó ihò sípíkà, bó bá jẹ́ pé bó ṣe wà ni mo lò ó, kò ní ku páànù kankan sílẹ̀ tí fáànù á dúró lé. Ibi tí ọkọ mi há a mọ́ ló ṣì wà. Ó há a mọ́ ọn fún àpótí Ibiade, ó gé ọ̀kan, ara wá ń ro ó.

Mo fi sípánà sí nọ́ọ̀tù náà. Kò gbọ́. Ọkọ mi ní ọwọ́ tó le. Mo tún gbìyànjú, kò gbọ́, mo wá di gbogbo ara mi lé e. Ó ké, ó tú. Mo gbọ́ ọ nínú egungun apá mi bó ṣe jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ nínú èérún pákó, mo sunkún bí mi ò ṣe sun ún lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, nítorí lọ́jọ́ yẹn èèyàn ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà mo nu imú, mo fi fáànù wọn ọ̀pá náà, mo sún abẹ sí àyè tuntun, mo há a.

Mo kán epo díẹ̀ sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Irin le ju pákó lọ. Abẹ ń họ, ó ń ké, ìlà tó kọ́kọ́ fà ò ju irun orí lọ. Páànù náà ń yọ̀ lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Òjìji kan bò mí. Ìyá Àgbà ló kírun tán, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo okùn tó wà nílẹ̀, ó wo mí. Mo ń retí ohun tó máa sọ, mo sì ti ní èsì rẹ̀ lẹ́nu. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ igun páànù náà mọ́lẹ̀ fún mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí àárín rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀.

Fáànù náà bá ihò yẹn mu. Láti ọjọ́ náà, oòrùn ò pa kọ̀ǹpútà mi mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́, wọ́n ń padà bọ̀, ọmọbìnrin tó gba fláàṣì rẹ̀ náà padà wá. Mo kó irinṣẹ́ padà sínú àpótí, mo dì í. Kókó tí mo ta ò rí bí ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo sì mọ̀ pé ó máa rí i. Gbogbo ìyókù tákàbá yẹn ni mo fi ń pọ́n ẹnu mi dè é.

Ọjọ́ tí a pín ogún, ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Ilaporu. Ààfáà jókòó, àwọn ará ilé jókòó. Ó dé ìdí àpótí, ó wo kókó okùn, ó tú u. Kò wo ayùn, kò wo dírílì. Ìsàlẹ̀ ló na ọwọ́ sí lọ́gán. Ó mú kọ́ńpáàsì jáde, ó fi àtàǹpàkò kan nọ́ọ̀tù rẹ̀.

"Ta ló tú èyí?"

"Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá," mo ní. "Mo bẹ̀ yín, ẹ ò gbà. Bí ẹ bá fẹ́ tà wọ́n, ẹ máa tà wọ́n, kò sí èyí tó dín níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà mi ń ṣiṣẹ́. Ẹ lè wọlé wá wò ó."

"Tà?" ó ní. Ó jókòó sórí etí àpótí. "Ta ló fẹ́ ta nǹkan?"

Kò gbójú sókè nígbà tó ń sọ ìyókù. Ó ní àwọn ará Ibiade ti wá bá òun nípa àpótí kejì, òun sì ti ṣèlérí pé òun á gé e. Ó ní ibi tí àbúrò òun há abẹ yẹn mọ́ lòun fẹ́ fi gé e, láìfọwọ́ kan nọ́ọ̀tù rárá, kí ihò méjèèjì lè jẹ́ tirẹ̀.

Gbogbo ẹnu tí mo ti pọ́n kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi lórí fóònù, Bọ̀ọ̀dá?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Pé mo fẹ́ di ọwọ́ àbúrò mi mú?"

Ààfáà wo ilẹ̀. Mo ní kí Bọ̀ọ̀dá wá wo ihò náà. Ó tẹ̀lé mi lọ sí yàrá iwájú. Ó kọ́kọ́ rí ti apá ọ̀tún, ó bi mí pé kí ni mo fi gé èyí. Mo ní ìṣó. Ó mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lápá òsì, ó fi ìka wọ́ etí ihò náà yíká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fáànù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tán?" Mo ní kó padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀.

A padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ó wá ibi tí nọ́ọ̀tù ti jẹ ara ọ̀pá irin náà tẹ́lẹ̀, àpá kékeré kan tó ń dán. Ó sún abẹ padà síbẹ̀, ó fi ojú wọ̀n ọ́n, ó tún un sún. Ó wá na sípánà sí mi.

"Ìwọ lo tú u," ó ní. "Ìwọ ni kó o há a."

Mo há a. Mo há a títí apá mi fi ń gbọ̀n, ó sì mọ̀ bí èmi náà ṣe mọ̀ pé kò le tó ti ọkọ mi. Ó gbé àpótí kejì sílẹ̀, ó gún ṣóńṣó mọ́ àárín ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Kò dárúkọ Ilaporu. Nígbà tí ihò já, ó gbọn èérún pákó kúrò lára rẹ̀, wọ́n gbé àpótí méjèèjì sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ tó wá kó ẹrù mi. Ó bá mi fi kọ́ńpáàsì kọ́ sára ìṣó lábẹ́ páànù. Ó ní, "Máa ṣiṣẹ́ rẹ, ìyàwó," ó sì gba ọ̀nà Ibiade lọ.

Ọmọbìnrin mi pè mí nígbà tí wọ́n gbé àpótí náà sókè tán. Ilé wọn ò jìnnà sí mọ́sáláṣí yẹn. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ gbọ́ ọ," ó sì na fóònù síta bí ládàánì ṣe ń pe ìrun mọ̀gáríbì. Mo pa jẹnẹrétọ̀, mo fi fóònù mọ́ etí, mo ń wá ohùn àpótí tí ọkọ mi gé nínú méjèèjì. Mi ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀.